Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo Tó Kù Lẹ́nu Ìyá Mi

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ni ìyá mi ṣubú lẹ́yìnkùlé wa ní Pobè. Ẹ̀wà ló fẹ́ sá sóòrùn. Mo gbọ́ ìró abọ́, mo sáré jáde, mo bá a nílẹ̀, ẹ̀wà fọ́n ká sí i lára. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi gan-an ni mo ṣubú. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí apá òsì. Mo pè é títí, kò dáhùn.

Ọjọ́ mọ́kànlá la lò nílé ìwòsàn. Dókítà ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀jẹ̀ ló dí lọ́nà ọpọlọ rẹ̀. Ó ní ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún lè padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò lè ṣèlérí ohunkóhun nípa ọ̀rọ̀ sísọ. "Nígbà mìíràn," ó ní, "gbogbo ọ̀rọ̀ á lọ, ẹyọ kan á ṣẹ́ kù. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu."

Ọjọ́ kẹta tí a gbé e dé ilé ni ẹyọ kan náà jáde. Mò ń fi aṣọ tútù nu ọrùn rẹ̀ lọ́wọ́. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Míńtì."

Inú mi dùn débi pé mo bú sẹ́kún. Mo rò pé ọ̀rọ̀ yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ apá Ìlaròó ni ìyá mi, lódìkejì ibodè, ní Nàìjíríà. Bàbá mi, tó jẹ́ àgbẹ̀ ní Issaba, ló lọ fẹ́ ẹ wá síbí. Nígbà tí wọ́n kúrò lábúlé wá sí Pobè, ìyá mi gba ìsọ̀ kan lọ́jà Sakété, ó ń ta ọṣẹ, ìpara, fìtílà, abẹ́rẹ́ àti òwú. Ibẹ̀ ló ti tọ́ mi tí mo fi kàwé. Bàbá mi ti kú tipẹ́. Tíṣà èdè Faransé ni mí nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Sakété. Láràárọ̀ ni mò ń ti Pobè lọ, tí mo sì ń padà lọ́sàn-án, nítorí náà ìyá mi nílò ẹni tí yóò máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Tánti mi ló wá. Àbúrò bàbá mi obìnrin ni, tó ń dá gbé nílé rẹ̀ ní Issaba. A ò ránṣẹ́ pè é. Ó kàn dé lọ́jọ́ kan lẹ́yìn alùpùpù, ẹní àti báàgì kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Níbo ni Ìyàwó wà?" Àwọn méjèèjì ti hewú, síbẹ̀ Ìyàwó náà ló ń pe ìyá mi, bí wọ́n ṣe ń pè é lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé wọn. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fún un lẹ́kọ ní ṣíbí-ṣíbí, tó ń fọ aṣọ ìdọ̀tí rẹ̀, tó ń yí i padà kí ara rẹ̀ má baà bó. Mi ò rí ọmọ ìyá ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ká má tiẹ̀ sọ ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹni.

Lójúmọ́, bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún, ìyá mi á sọ ọ̀rọ̀ náà. Nítorí pé ẹnu rẹ̀ ti wọ́, ìró rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ó lè jáde bíi míńtì láàárọ̀, kó jáde bíi máńtì lọ́sàn-án.

Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn ìyá mi ní Nàìjíríà, míńtì ni bọ́ńbọ́ǹ funfun roboto tó máa ń tutù lẹ́nu. Mo ra díẹ̀ níbùdókọ̀ Sakété, lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń tajà fún àwọn èrò ọkọ̀. Mo lọ̀ ọ́ kúnná, mo pò ó mọ́ omi, mo fi ṣíbí gbé e lọ sí ẹnu ìyá mi. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó pa ètè dé. Omi bọ́ lójú òsì rẹ̀, ó ṣàn lọ sínú etí. Kí n tó sọ nǹkan kan, Tánti ti gba ṣíbí lọ́wọ́ mi.

"Má fún un ní nǹkan yìí mọ́."

"Kí ló dé, Tánti?"

"Ó lè há a lọ́fun."

Mo wo inú ife tó wà lọ́wọ́ mi. Míńtì náà ti yòrò, omi lásán ló kù níbẹ̀.

"Ewé ló ń bèèrè," Tánti ní. "Máńtì. Ìwọ náà gbọ́ ọ."

Lóòótọ́, níbí tí a ti ń sọ Faransé, bí èèyàn bá ní máńtì, ewé olóòórùn dídùn nì tí wọ́n ń fi sínú tíì la máa gbọ́. Aládùúgbò wa kan gbìn ín sínú táyà àlòkù létí ilé ìwẹ̀ rẹ̀. Tánti lọ tọrọ ìwọ̀nba kan, ó sè é, gbogbo ilé ń ta sánsán. Ìyá mi mu ún tán, òùngbẹ ti ń gbẹ ẹ́. Ó sinmi díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún wo ẹnu ọ̀nà, ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá kí i láti Sakété. Obìnrin mùsùlùmí ni, ará Nàìjíríà bíi tirẹ̀, ìsọ̀ wọn kan ara. Bí ó ṣe gbọ́ ohun tí aláìsàn ń wí, ó lu ọwọ́ pọ̀. "Owó míńtì ni! Ẹ ò mọ̀ pé kì í fi owó tó ti rún lọ síbi ìkómọ?" Ó yọ náírà tuntun kan tí kò tíì rún rárá, ó fi sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá mi. Ọwọ́ ìyá mi kò pa á dé. Owó náà jábọ́ sílẹ̀. Obìnrin náà wá ní bóyá ìpara inú agolo kékeré ló ń fẹ́, èyí tí àwọn náà ń pè ní míńtì, tó máa ń tutù lára. Ó fi pa á láyà, ó fi pa á nímú. Ìyá mi yí ojú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Mo sin obìnrin náà dé etí títì. Ó dúró, ó dì mí lọ́wọ́ mú.

"Ọmọ mi, mi ò fẹ́ dẹ́rù bà ọ́. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohùn ìyá rẹ dáadáa. Ṣé báun la ṣe ń bèèrè ohun tí a fẹ́ jẹ? Èèyàn ni ìyá rẹ ń pè."

Àtìgbà náà ni ẹ̀rù ti dé bá mi nínú ilé tí a bí mi sí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kíyèsí ohun tí mo ti ń fojú fò. Ìgbà tí oòrùn bá ti yí, tí àwọn ọmọ iléèwé ń kọjá lọ, ni ìyá mi máa ń pè jù. Bí ó bá sì ti pè tán, á na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á da àtẹ́lẹwọ́ dé, á gbé e dúró sófuurufú bẹ́ẹ̀. Mo dúró tì í lọ́jọ́ kan, mo fojú wọn ibi tí ọwọ́ náà wà. Kò ga ju orí ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Bí mo ti ń wò ó, ọwọ́ náà ń rìn díẹ̀díẹ̀, síwá, sẹ́yìn, bí ìgbà tí èèyàn ń fọwọ́ pa ọmọ lórí.

Mi ò kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà yẹn mọ́. Bí mo bá ń bọ́ ọ, màá gbé àpótí mi sún mọ́ ògiri.

Ohun tó tún kọ mí lóminú ni Tánti. Ní ọjọ́ kan tí mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá a pé ó ti yí bẹ́ẹ̀dì padà, ó sì ti kọ ojú ìyá mi sí ògiri. Ó ní atẹ́gùn ẹnu ọ̀nà kò dára fún aláìsàn. Ìyá mi ń gbìyànjú láti yí ọrùn rẹ̀ padà, iṣan ọrùn náà nà gbọnrangandan. "Tánti, ẹ ò rí i pé ó ń dùn ún?" Ó gbé garawa, ó lọ pọnmi, bẹ́ẹ̀ sì ni omi kún inú ilé.

Olùtọ́jú aláìsàn kan máa ń wá láti ilé ìwòsàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láti wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ó sì na ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin Ẹ̀gùn ni, Faransé ló ń bá mi sọ, ìwọ̀nba Yorùbá tó gbọ́ kò ju ti ọjà lọ. Ọ̀sán Ọjọ́rú kan, ó ń tú okùn ìwọ̀n kúrò lápá ìyá mi, Tánti sì ń gbé ọpọ́n omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ bọ̀. Ìyá mi la ẹnu, ó pè. Lọ́jọ́ yẹn, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde, ohùn òpin rẹ̀ lọ sókè: "Mántí."

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi náà mọ ohun tó gbọ́, nítorí pé mo ti kọ ọ̀rọ̀ náà sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi láìmọye ìgbà. Nínú èdè Faransé, mántí ni "ti purọ́". Ọmọkùnrin náà tẹ̀ sún mọ́ ìyá mi, ó fi Yorùbá rẹ̀ tó ń wọ́ ẹsẹ̀ bi í léèrè, bí èèyàn ṣe ń bá ọmọdé ṣeré:

"Màmá, ta ló purọ́ fún yín?"

Ọpọ́n bọ́ lọ́wọ́ Tánti. Omi dà sí gbogbo ilẹ̀.

"Èmi ni," Tánti ní. "Èmi ni mo purọ́."

Ọmọkùnrin náà kò mọ ohun tó ṣe. Ó bẹ̀ wá, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Tánti jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó sórí odó tí a dà dé. Mo tẹ̀lé e. Mo dúró síwájú rẹ̀ títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Àbúrò wa tó gbẹ̀yìn ni Míńtì," ó ní.

Mi ò gbọ́ rí láyé mi pé bàbá mi ní àbúrò mìíràn yàtọ̀ sí Tánti.

"Kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tí ìyá rẹ wọlé wa. O mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Ẹni tó bá bá nílé, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́, ó gbọ́dọ̀ wá orúkọ mìíràn fún un. Bí ìyá rẹ bá lọ kí àwọn òbí rẹ̀, bọ́ńbọ́ǹ míńtì ló máa ń rà bọ̀ fún ọmọ yẹn. Ọmọ náà á lọ dúró dè é lójú ọ̀nà látàárọ̀. Ló bá sọ ọ́ ní Míńtì. Nígbà tó yá, bí a bá pe ọmọ náà ní orúkọ tí bàbá wa sọ ọ́, kì í jẹ́ wa mọ́. Ẹ̀yìn ìyá rẹ ló ń sùn."

Ó fi etí ìró nu ojú.

"Ọjọ́ ọjà kan, ìyá rẹ ti lọ sí Sakété. Wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ọmọ. Mo ti tó bí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ dirun, èmi náà fẹ́ lọ, ọmọ yìí kò sì jẹ́ kí n gbádùn. Ó ní Ìyàwó, Ìyàwó, òun ń lọ bá Ìyàwó. Mo ní, 'Lọ bá a nígbà yẹn. Kò tíì jìnnà. Bí o bá sáré, wàá bá a lójú títì, á ra míńtì fún ọ.' Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ mi. Ó sáré. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó ẹyìn ń bọ̀ wá sí Pobè ló gbá a."

Mo béèrè ohun tó sọ fún àwọn àgbà.

"Mo ní Ìyàwó ló ní kó máa tẹ̀lé òun. Mo ní ó pè é jáde, kò sì bojú wẹ̀yìn mọ́. Ìyá rẹ búra títí. Ó ń yí gbirigbiri nílẹ̀. Wọn ò gbà á gbọ́, àjèjì ni, èmi sì ni ọmọ ilé. Bàbá rẹ ló dọ̀bálẹ̀ tí wọn ò fi lé e lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kò gbọdọ̀ pe orúkọ yẹn mọ́ nínú ilé wa títí ayé. Kò sì pè é. Ó lé lógójì ọdún, kò pè é."

"Ṣé ó mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ purọ́ mọ́ òun?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò béèrè. A jọ ń jẹun, a jọ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo bímọ tí ọmọ náà kú, òun ló gbé mi dání."

Inú bí mi gan-an. Mo rántí gbogbo ọdún tí a máa ń lọ ṣe ní Issaba, bí ìyá mi ṣe máa ń jókòó sí ẹ̀yìn àwọn ìyàwó yòókù níbi ìpàdé ẹbí, tí mo máa ń rò pé ìtìjú ló ń ṣe é nítorí ẹnu Nàìjíríà rẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún Tánti pé kó di ẹrù rẹ̀. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ tó ti wú nítorí aṣọ tó ń fọ̀ lójoojúmọ́. Mo kàn sọ pé, "Ẹ wọlé lọ sọ fún un."

Ó wọlé. A jọ yí bẹ́ẹ̀dì padà kọ ojú sí ẹnu ọ̀nà. Tánti sì kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tó tutù. Ọmọ ilé kì í kúnlẹ̀ fún ìyàwó, ó sì kúnlẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ fún mi, láti orí irun dídì títí dé orí ọkọ̀ ẹyìn. Kò fi ọ̀kan pamọ́.

Ìyá mi ń wò ó. Ojú rẹ̀ kò yí kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí Tánti dákẹ́, ìyá mi na ọwọ́ òsì rẹ̀, ó gbé e lé Tánti lórí, orí tó ti hewú. Ó fọwọ́ pa á lórí lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Míńtì."

Tánti bú sẹ́kún, ó ń dúpẹ́. Ó gbà pé ó ti dárí ji òun. Èmi tí mo dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, tí mò ń wo ojú ìyá mi, mi ò mọ̀. Ó lè jẹ́ ìdáríjì. Ó sì lè jẹ́ pé kò gbọ́ ìkankan nínú ohun tí Tánti sọ, pé ó kàn rí orí kan níbi tí ó ti ń wá orí láti ọjọ́ yìí wá ni. Kò sí ẹni tí mo lè bi.

Láti ọjọ́ yẹn, nígbàkígbà tí ìyá mi bá pe Míńtì, Tánti ló ń jẹ́ ẹ. Ó lè wà lẹ́yìnkùlé, ó lè wà nídìí ààrò, á ní, "Ìyàwó, mo wà níbí o." Ara mi máa ń bù máṣọ. Mo sọ fún un pé, "Tánti, ẹ má jẹ́ orúkọ òkú mọ́." Ó ní, "Ta ni kó wá jẹ́ ẹ? Ṣé kí ó máa pè lásán?"

Ìyá mi gbé ọ̀sẹ̀ méje sí i. Ọ̀sán ọjọ́ ọyẹ́ kan ló kú, èmi wà ní kíláàsì, mò ń gba ìwé lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Tánti nìkan ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo bi í bóyá ó sọ nǹkan kan. Ó ní kò sọ nǹkan kan, pé ó dákẹ́ látàárọ̀, ó sì ń wo ojú ọ̀nà bí ẹni tó ti rí ẹni tó ń retí. Bóyá òótọ́ ni, bóyá ó fẹ́ tù mí nínú ni.

Issaba la sin ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi. Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí ẹbí jókòó, Tánti dìde láàárín wọn, ó sọ ohun tó ṣe. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó kù láyé, tó wà lára àwọn tó dájọ́ nígbà náà, fi ọ̀pá rẹ̀ kanlẹ̀, ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé ló wá béèrè pé, "Ta la ó wá bẹ̀ báyìí?"

Gbogbo wọn kọjú sí mi. Wọ́n ní kí n jókòó sórí àga, wọ́n fẹ́ bẹ̀ mí lórúkọ ìyá mi. Àwọn àgbà obìnrin méjì tiẹ̀ ti ń fi ọwọ́ tilẹ̀ láti kúnlẹ̀. Mo dì wọ́n mú.

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀," mo ní. "Èmi kọ́ lẹ ṣẹ̀. Mi ò lè gba ẹ̀bẹ̀ fún un."

Wọn ò mọ ohun tí wọn ó ṣe mọ́. Ẹnì kan ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. A jẹun.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí mo fẹ́ gun alùpùpù padà sí Pobè, mo rí Tánti tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi pẹ̀lú ẹní rẹ̀ àti báàgì rẹ̀. Ó dúró, ó ń wojú mi. Mi ò sọ pé kó máa bọ̀, mi ò sì sọ pé kó dúró. Mo sún síwájú lórí ìjókòó. Ó jókòó sẹ́yìn mi. Yàrá ìyá mi ló ń gbé títí di òní.